Fáànù balùwẹ̀ ń tú ooru sókè àjà: ibo ló yẹ kí ẹnu páìpù rẹ̀ yọ sí?

Ọmọ Ìyàrá:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Ilé àwọn òbí wa ní Ìyàrá, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni. Nígbà tí a tún balùwẹ̀ wọn ṣe, wọ́n yọ fèrèsé lúfà àtijọ́, wọ́n fi fèrèsé alumíníọ̀mù tó ń tì pinpin rọ́pò rẹ̀. A ra ẹ̀rọ omi gbóná sí i, torí ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fi omi tútù kojú. Oníná tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ sójú àjà. Ó ń yí, ó ń dún, gbogbo wa sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ti ń yọ lára POP. Ó yí fáànù náà ká, ó sì ń fẹ̀ sí i. Èbu dúdú ti bo kọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Káfíńtà kan wá wò ó, ó ní páànù ló ń jò, ó ní ká ṣí òrùlé ẹ̀yìn ilé ká tún un kàn. Ohun tí kò yé mi ni pé òjò kankan ò tíì rọ̀ látìgbà tí àbàwọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa ní ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ kí èbu yẹn wà níbẹ̀ títí òjò á fi dé. Kí lẹ rí sí i?

Káfíńtà Ìsánlú:

Ará Ìyàrá, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òrùlé o.

Òrùlé tó ń jò, ìgbà òjò ló ń fi ara rẹ̀ hàn. Àbàwọ́n tó bá jáde nínú ọyẹ́, tó sì yí ẹnu fáànù ká, inú ilé ni omi rẹ̀ ti wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi oníná yín: ibo ni fáànù yẹn ń tú ooru sí? Ó jọ lójú mi pé kò sí páìpù kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fa ooru omi gbóná kúrò nínú balùwẹ̀, ó sì ń kó o sáàárín àjà àti páànù, níbi tí kò ti rí ọ̀nà lọ.

Ní òru ọyẹ́, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run, páànù a sì máa tutù débi pé ó tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ooru balùwẹ̀ tó bá ti kàn án, omi ló ń dà. Tí gbogbo ilé bá wá ń wẹ omi gbóná ní alẹ́ àti ní ìdájí, omi yẹn á máa kán sórí POP lójoojúmọ́. Páànù ń làágùn ni, kò jò. Afẹ́fẹ́ ìta nígbà ọyẹ́ gbẹ ju kó fún páànù ní omi lọ, nítorí náà bí ẹ bá rí omi lábẹ́ páànù lásìkò yìí, ẹ má wá a síta.

Ẹ gun òkè àjà kí oòrùn tó yọ, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti wẹ̀ tán. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Orí igi ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀, ẹ má tẹ POP. Ẹ tan iná sí abẹ́ páànù, ẹ máa rí ẹ̀kán omi wínníwínní tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń ṣàn lọ síbi ìṣó, tí wọ́n sì ń kán níbẹ̀. Ìṣó á ti dípẹtà, òrùka dúdú á sì ti yí ihò rẹ̀ ká lára igi. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ igi náà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, igi ti ń jẹrà, ẹ pààrọ̀ ẹyọ yẹn. Bó bá le, omi lásán ló mu, á gbẹ fúnra rẹ̀ tí ooru ò bá débẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá gun òkè lọ́sàn-án kò ní rí nǹkan kan, nítorí oòrùn á ti yan páànù gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa káfíńtà ti ń ṣì í wò, tí a fi ń ní kí wọ́n tún òrùlé kàn.

Oníná Kàbà:

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti páìpù.

Ẹnu fáànù balùwẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ íǹṣì 4, ìyẹn mìlímítà 100. Ẹ má wá páìpù olówó ńlá kankan. PVC íǹṣì 4 tí púlọ́ńbà ń lò fún sókàwéè dára fún iṣẹ́ yìí, inú rẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Èyí tó ń nà tó ń súnkì, tí wọ́n fi wáyà ká nínú, ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ara rẹ̀ tó ká kọ́lọkọ̀lọ ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ibi tó bá sì ti sọ̀ wálẹ̀ lomi máa ń jókòó sí títí á fi dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí rà, ẹ nà án kó le, ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́kù sọ nù, ẹ sì so ó mọ́ igi.

Ọ̀nà tó kúrú jù tó sì tọ́ jù ni kó gbà dé ìta. Fáànù kékeré wọ̀nyí ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára láti tì í gba ọ̀nà jíjìn, gbogbo ibi tí páìpù bá sì ti tẹ̀ ló ń jẹ nínú agbára wọn. Bí balùwẹ̀ yín bá ní ògiri tó kọjú síta, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ yọ fáànù náà kúrò lójú àjà pátápátá. Ẹ gbé e sára ògiri yẹn, lókè níbi tó sún mọ́ àjà, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ tuntun lè gba gbogbo balùwẹ̀ kọjá kó tó jáde. Páìpù á la ògiri kọjá, ó parí. Àwọn tí balùwẹ̀ wọn wà láàárín ilé, tí páìpù á rìn ju bíi mítà méjì lọ, kí wọ́n ra fáànù tí wọ́n ń gbé sáàárín páìpù. Ó wọ́n ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó lágbára.

Páìpù tó bá máa gba òkè àjà, ẹ jẹ́ kó dà sọ́nà ìta díẹ̀, kí omi tó bá dì nínú rẹ̀ ṣàn síta, kó má ṣàn padà sínú fáànù tó gbé iná. Ẹ fi fóòmù wé e pẹ̀lú, kó má baà tutù bíi ti páànù yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí páálí níbi tí m³/h wà, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà ní wákàtí kan. Ìlànà ilé kíkọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí fáànù balùwẹ̀ máa fa lítà 15 ó kéré tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí jẹ́ 54 m³/h. Èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó bíi 85. Nọ́ńbà tó wà lára páálí, ìgbà tí kò sí páìpù lẹ́yìn fáànù ni wọ́n wọ̀n ọ́n, torí náà ẹ ra èyí tó lé díẹ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ nílò.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tèmi rèé. Páìpù afẹ́fẹ́ sókàwéè wa gba ara ògiri balùwẹ̀ gòkè, ó sì yọ lórí òrùlé. Íǹṣì 4 kan náà ni. Ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní kò sídìí tí a ó fi lu ògiri, pé ká so páìpù fáànù mọ́ ọn. Owó tó dín kù wù mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Oníná Kàbà:

Rárá o, ìyá wa. Ẹ má gbà fún un.

Páìpù yẹn ni gáàsì inú sókàwéè ń gbà jáde. Ìgbà tí fáànù bá dúró, ohun tó wà nínú sókàwéè á rí ọ̀nà wọ balùwẹ̀ yín, kì í sì í ṣe òórùn nìkan, nítorí gáàsì tó ń gbiná wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ṣe ara ní jàǹbá náà sì wà. Ìdérí wínníwínní tó wà lẹ́nu fáànù kò lè dá a dúró. Ẹ fún fáànù ní páìpù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni balùwẹ̀ méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹ má so fáànù méjèèjì mọ́ páìpù kan, kí ooru ọ̀kan má baà máa wọnú èkejì.

Àgbà Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ilé tí a kọ́ nígbà tiwa, lúfà ló wà ní balùwẹ̀, ó ga sókè, afẹ́fẹ́ ń wọlé tọ̀sán tòru, a ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ èbu. Ẹ̀yin lẹ yọ lúfà, ẹ fi gíláàsì tó ń tì pinpin síbẹ̀, ẹ wá ń wá fáànù. Bí balùwẹ̀ bá lè ní fèrèsé tó tó, tó wà lókè, ẹ ṣí i. Kò gba iná, kì í bàjẹ́.

Káfíńtà Ìsánlú:

Bàbá, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, èmi náà ò ní kí ẹnikẹ́ni yọ lúfà tó wà nílé rẹ̀. Ohun tí mo máa fi kún un ni pé nínú ọyẹ́, àgbàlagbà kì í fẹ́ kí fèrèsé ṣí nígbà tó bá ń wẹ̀, eruku náà ò sì jẹ́ kéèyàn ṣí i. Ìgbà yẹn gan-an ni omi gbóná pọ̀ jù. Tí balùwẹ̀ bá wà láàárín ilé, tí kò tiẹ̀ ní fèrèsé rárá, fáànù ti di dandan níbẹ̀.

Ọmọ Ìyàrá:

Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò mi gun òkè ní ìdájí bí ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ṣe wí. Kò sí páìpù kankan. Ẹnu fáànù kàn dorí kọ abẹ́ páànù ni, ìṣó tó wà lókè ibẹ̀ sì ti pọ́n. Igi ṣì le, a dúpẹ́. Balùwẹ̀ náà ní ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé, torí náà a máa la ògiri. Ó ku nǹkan méjì: ilẹ̀kùn tuntun tí a fi síbẹ̀ kan ilẹ̀ típẹ́típẹ́, ṣé ó ní ohun tó kàn án? Kí sì ni ká ṣe nígbà tí iná ò bá sí?

Oníná Kàbà:

Ilẹ̀kùn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Fáànù ò lè fa afẹ́fẹ́ jáde níbi tí òmíràn ò ti rọ́nà wọlé. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa píọ̀ wọ́tà mu: tí ọ̀rá náà bá ti fún pọ̀ mọ́ra, kó máa fa á títí, nǹkan kan ò ní jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà rẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà kí àlàfo mìlímítà 10 wà láàárín òun àti táìlì. Ohun tí ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ náà nìyẹn fún ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó mìlímítà 760. Orí táìlì ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì tẹ́ nǹkan sí.

Ní ti iná, fáànù íǹṣì 4 kì í sábà jẹ ju wọ́ọ̀tì 20 lọ. Ínfátà kékeré tó ń gbé gílóòbù lè gbé e, èyí tó ń lo iná fóltì 12 (12V) sì wà fún àwọn tó ní sólà. Ẹ jẹ́ kí súìṣì rẹ̀ wà lóde balùwẹ̀, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tutù má baà fọwọ́ kàn án, ẹ sì ya súìṣì rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti gílóòbù. Tó bá jẹ́ súìṣì kan náà ni, ẹni tó bá wẹ̀ tán á paná, fáànù á kú, ooru á sì kù sínú ilé. Lẹ́yìn tí èèyàn bá wẹ̀ tán, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 sí i. Àwọn fáànù kan wà tó ń ka ìṣẹ́jú yẹn fúnra wọn tí wọ́n á sì paná. Fún ilé tí àgbàlagbà ń gbé, èyí ni mo máa rà.

Bíríkìlà Ayétòrò:

Kí ẹ tó lu ògiri, ẹ wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wáyà sábà máa ń bọ́ sílẹ̀ láti òkè, líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré onírin tó gbé ògiri dúró, sì wà lórí fèrèsé. Ẹ má gé irin rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi díríìlì lu ihò tín-ín-rín láti inú dé ìta kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó yọ sí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí pílásítà má baà já lulẹ̀. Ihò náà gbọ́dọ̀ rọ̀ sọ́nà ìta díẹ̀. Bíríkì íǹṣì 9 kì í fúnni ní wàhálà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tó ṣì pọ̀ nílẹ̀ wa láti Bùnú dé Yàgbà, ló gba sùúrù: ẹ má fi òòlù ńlá lù ú, ayùn àti ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé e díẹ̀díẹ̀, ẹ ki páìpù bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi amọ̀ dí etí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì kàn án lójú.

Ẹ wo ìhà tí ògiri náà kọ sí. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ níhìn-ín, ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn. Bẹ́ ẹ bá rí ògiri mìíràn lò, ẹ má kọ ẹnu páìpù síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á máa ti ooru padà, òjò á sì máa wọlé. Bó bá jẹ́ ògiri yẹn nìkan ló wà, ẹ fi ìbòrí tó dorí kodò bo ẹnu rẹ̀. Ìdérí tó ń ṣí nígbà tí fáànù bá ń fẹ́, tó sì ń padé nígbà tó bá dúró, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí aláǹgbá, ọmọnílé, àdán àti agbọ́n. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò dára níbẹ̀, eruku ọyẹ́ á dí i láìpẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mú páìpù yọ sábẹ́ etí òrùlé tó yọ síta, níbi tí wọ́n lu ihò afẹ́fẹ́ sí. Ihò yẹn kan náà ló máa fa ooru padà sókè àjà, gbogbo wàhálà yìí á sì padà sí ibi tó wà.

Ohun kan tún kù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rinrin ni fáànù lè wò. Tí ògiri bá tutù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ ń yọ lójú rẹ̀, tí ọ̀dà ń ṣí, ilẹ̀ ni omi yẹn ti ń gòkè, bóyá wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ bíríkì. Tí ojú kan ṣoṣo bá tutù lọ́jọ́ gbogbo, ì báà jẹ́ òjò ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yẹ páìpù inú ògiri wò. Èbu tó bá sì wà ní kọ̀rọ̀ òkè nìkan, iṣẹ́ ooru ìwẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí, ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù bá fà jáde, òmíràn ló ń wá dípò rẹ̀ láti ibikíbi tó bá rí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní bàráńdà tàbí lábẹ́ fèrèsé, fáànù yẹn lè máa fa èéfín rẹ̀ wọlé. Kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, ojú kì í rí i. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sùn lè má jí. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ó kéré tán mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Ará Ìyàrá, ẹ̀rọ omi gbóná yín ńkọ́, ṣé iná mànàmáná ló ń lò àbí gáàsì? Bó bá jẹ́ gáàsì, tó sì wà nínú balùwẹ̀ kan náà, ẹ má tan fáànù yẹn títí ẹ ó fi gbé ẹ̀rọ náà síta. Fáànù lè fa èéfín rẹ̀ padà sójú ẹni tó ń wẹ̀.

Ọmọ Ìyàrá:

Iná mànàmáná ni, ẹ ṣeun. Jẹnẹrétọ̀ ni mo máa sọ fún wọn kí wọ́n gbé kúrò ní ẹ̀yìn kíṣíìnì.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà:

Èbu tó ti wà lára ògiri ńkọ́? Ṣé ká kun ọ̀dà lé e ni?

Nọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja:

Ẹ má kun nǹkan kan lé e, á yọ padà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ tún fáànù ṣe, kí ibẹ̀ gbẹ. Bí ibi tó bu kò bá ju mítà kan níbùú lóòró lọ, ẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín: ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ gbo ó. Lórí táìlì, ẹ lè fi bílíìṣì tí ẹ fi omi là tẹ̀lé e. Ẹ má pò bílíìṣì mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣalángá, ásíìdì ló wà nínú ìyẹn, gáàsì tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó ní ikọ́ tàbí ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ará Ìyàrá, ẹ mú bàbá lọ sí ilé ará àdúgbò fún àárọ̀ ọjọ́ yẹn. POP tó bá ti rọ̀ ò ṣe é fọ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tún un ṣe.

Oníná Kàbà:

Tí wọ́n bá so fáànù tán, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan án, ẹ gbé ewé tíṣù kan sí ojú fáànù kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fà. Tó bá já bọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú: tó bá lẹ̀ báyìí, àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni kò tó. Tí kò bá lẹ̀ rárá, páìpù ti dí tàbí ìdérí ìta kò ṣí. Kí ẹnì kan dúró síta lásìkò kan náà kó wò ó bóyá ìdérí yẹn gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ máa paná rẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ sì máa nu abẹ rẹ̀ ní ìparí ọyẹ́ lọ́dọọdún, nítorí eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló máa ń sọ ọ́ di aláriwo tí kì í fa nǹkan.